Bàbá Ajíbóyè, Kẹ́ẹ̀gì Omidùn àti Ọkọ̀ Èbúté

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ká ní wọ́n sọ ọ́ fún mi ni, màá ní irọ́ ni. Ẹjọ́ ìtọ̀ ni. Baálẹ̀ wa jókòó, àwọn olóyè jókòó, èmi náà wá àyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, torí mi ò lè gbà kí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi.

Bàbá Ajíbóyè ló pẹjọ́, ọmọ Ìsẹ́yìn tó háyà yàrá ní àdúgbò Lasunwon níbí. Sìlífátù ló pè lẹ́jọ́, obìnrin tó ń fi gbohùngbohùn polówó àgúnmu ní Itamaga.

"Bàbá, kí ni Sìlífátù fi ṣe yín?" ni Baálẹ̀ bèèrè.

"Kí ẹ̀mí Baálẹ̀ gùn. Ìtọ̀ ni. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, kò ní jáde. Bí mo bá ní ó ti tán, ó tún dé. Wọ́n ní prósítéètì ló wú, tó há ọ̀nà mọ́ ìtọ̀. Obìnrin yìí ní àgúnmu òun á lé e lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń lò ó, ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ṣé owó yín lẹ fẹ́ gbà?"

"Rárá o. Aisha ọmọ mi bímọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lódìkejì ọ̀sà. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú ni ìkómọ, èmi ni wọ́n ní kí n sọ ọ́ lórúkọ. Nehemiah tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté ní òun ò gbé mi mọ́. Orí ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Ṣé kí wọ́n sọmọ lórúkọ kí n má sí níbẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ bàbá dùn mí. Baálẹ̀ dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ewúrẹ́ òun lẹ́yìnkùlé. A dúró dè é. Nígbà tó padà, ó kọjú sí Sìlífátù.

"Kí lo rí sọ?"

"Baálẹ̀, àgúnmu mi ń ṣiṣẹ́. Bí lanlọ́ọ̀dù bá fún ayálégbé ní kúìtì nótíìsì, ṣé wọ́ọ́rọ́wọ́ ló máa ń jáde? Á gbé bẹ́ẹ̀dì, á kó àwo, á máa lọ, á máa bọ̀. Prósítéètì bàbá ti gba nótíìsì. Ẹrù ló ń kó."

Olóyè Adéṣínà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀. "Láti oṣù tó kọjá? Ṣé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé ni?"

"Ó ti pẹ́ níbẹ̀, Olóyè. Ẹrù rẹ̀ pọ̀."

Wọ́n pe Nehemiah. Ọmọ Ìlàjẹ ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n sí.

"Baálẹ̀, mi ò bá bàbá jà. Láàárín ọ̀sà ni wọ́n ní kí n dúró. Mo dúró. Wọ́n lọ dúró níwájú ọkọ̀. Mo ní, 'Bàbá, atẹ́gùn ń fẹ́ sẹ́yìn o.' Wọn ò gbọ́. Gbogbo èrò ẹ̀yìn rò pé òjò ni. Ìyá kan tiẹ̀ ṣí agboòrùn."

"Irọ́ ni," ni Bàbá Ajíbóyè wí. "Ó ti ṣí agboòrùn kí n tó bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n pe Mọ̀nsúrát, ìyàwó bàbá.

"Ẹ má bá Sìlífátù wí, àgúnmu yẹn ń ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, àìmọye ìgbà ni bàbá Aisha ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lóru. Ní báyìí, wọn kì í dìde mọ́."

"Ẹ gbọ́ o," ni Sìlífátù wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọn kì í sùn síbẹ̀ mọ́ ni. Wọ́n ti gbé àga lọ sí balùwẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ilé kejì làwọn ayálégbé tó kù ti ń lọ wẹ̀."

Sìlífátù ní òun náà ní ẹlẹ́rìí, ó sì fa Láwàl jáde. Ohùn Láwàl ló máa ń jáde nínú gbohùngbohùn pé, "Àgúnmu yìí ló tú mi sílẹ̀."

"Láwàl, ṣé prósítéètì ló ṣe ọ́?"

"Rárá, Baálẹ̀. Orúnkún ni."

"Àgúnmu yìí ló wò ó sàn?"

"Ó ṣì ń dùn mí. Ohùn mi ni wọ́n ní ó dáa."

Baálẹ̀ tún lọ wo ewúrẹ́. Èmi ò rí ewúrẹ́ láàfin yẹn rí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ́. Nígbà tó dé, ó ní:

"Bàbá, kí lẹ fi ń lo àgúnmu yìí?"

"Omidùn ògì."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Kẹ́ẹ̀gì kan. Àgbo kì í sùn mọ́jú nílé wa. Bàbá mi kì í ṣẹ́ ẹ kù."

"Ìgbà wo lẹ ń mu ún?"

"Bí mo bá ti fẹ́ lọ sùn."

Olóyè Adéṣínà fọwọ́ bojú.

"Sìlífátù, ìwọ lo ní kí wọ́n mu kẹ́ẹ̀gì kan?"

"Mo ní kí wọ́n mu ún yó ni. Mi ò mọ bí ikùn àwọn ará Ìsẹ́yìn ṣe tó."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́ ohun tí dókítà sọ fún mi. Ewé àti egbò lè ran àwọn kan lọ́wọ́ díẹ̀, wọn kì í ran àwọn mìíràn rárá. Kò sí èyí tó ń lé prósítéètì jáde nílé. Ẹni tó bá tiẹ̀ ràn, ó lè gbà á tó oṣù mélòó kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ara wò, torí àìsàn mìíràn lè sá pamọ́ sẹ́yìn ìtọ̀. Ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń lò fún dókítà, torí àwọn òògùn kan kì í bá ara wọn rẹ́."

"Baálẹ̀, níbo lẹ ti bá dókítà pàdé?" ni Olóyè Adéṣínà bèèrè.

"Níbi tí mo ti lọ tọ́jú ewúrẹ́." Baálẹ̀ ò wojú ẹnikẹ́ni. Ó wá dájọ́.

"Bàbá, láàárọ̀ ọ̀la, ọsibítù lẹ ń lọ. Omidùn alẹ́ di èèwọ̀. Ẹ gbé àga kúrò ní balùwẹ̀. Nehemiah, wàá gbé wọn lọ ìkómọ, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí o fi wọ́n sí. Kí wọ́n fọ kẹ́ẹ̀gì omidùn yẹn, yóò bá wọn wọkọ̀. Sìlífátù, ìwọ ni wàá na aṣọ yí bàbá ká. Wàá dijú. Gbohùngbohùn tí o fi polówó ni wàá sì fi máa bẹ èrò pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú síwájú, ẹrù ló ń kó.'"

Sìlífátù kúnlẹ̀. "Baálẹ̀, ṣé àlọ nìkan ni?"

"Àtàlọ àtàbọ̀."

Bàbá Ajíbóyè dọ̀bálẹ̀, omijé wà lójú rẹ̀. Èrò tú ká, ṣùgbọ́n èmi ò tíì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà tí Baálẹ̀ rọra pe Nehemiah padà.

"Ṣé àyè kan ṣì wà lẹ́yìn, lẹ́bàá kẹ́ẹ̀gì yẹn?"

"Ó wà, Baálẹ̀."

"Bá mi fi í pamọ́. Mo ní ewúrẹ́ kan tí mo fẹ́ lọ wò ní Ìsàlẹ̀ Èkó."