Àwọn Méjì Tó Tún Odò Kan Ṣe

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹta, Verity Maidment dé etí odò Wennet, nísàlẹ̀ àwọn òkè ẹfun ilẹ̀ Wiltshire, láti wo iṣẹ́ tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe síbẹ̀ kí òtútù tó dé. Kò rí ọ̀kan nínú àwọn ìtì igi tí wọ́n kó sínú omi. Kò rí òkúta tí wọ́n dà sísàlẹ̀ rẹ̀. Àlàfo tí wọ́n gbẹ́ sí bèbè kí odò lè máa ráyè wọ pápá tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí, ẹnì kan ti dí i pa. Ọjọ́bọ̀ sì ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́.

Ẹni kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni Bàbá Tizzard, tó fi ogójì ọdún gbálẹ̀ ibùdó ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wọ bàtà òjò, ó fa fìlà onírun bo etí méjèèjì, ó ń ti bárò bọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Iléeṣẹ́ tó ń tún odò ṣe ló rán mi wá."

Bàbá Tizzard sọ bárò kalẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ẹ ṣé tí ẹ wá. Mo ti ń sọ ọ́ pé bó pẹ́ bó yá, wọn á rán ẹnì kan wá dúpẹ́."

"Ọpẹ́ kí ni, bàbá?"

"Ti odò tí mo tún ṣe."

Verity wo odò, ó wo bàbá. "Àwa la tún un ṣe."

"Ẹ má bínú, ìyáàfin. Èmi nìkan ni mo tún un ṣe, kò sẹ́ni tó bá mi gbé nǹkan kan. Ẹ ò mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn ọ̀bùn kan wá síbí lóṣù Kẹsàn-án, wọ́n wó igi sínú omi. Mọ́kàndínlógún. Mo kà á."

"Méjìlélógún ni," Verity sọ, kó tó mọ̀ pé òun ti lanu.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ti jó nínú ààrò mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà."

"Ẹ yọ gbogbo wọn?"

"Lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo so wọ́n mọ́ katakata àbúrò mi, mo ń fà wọ́n jáde bí ẹni fa eyín."

"Bàbá, a mọ̀ọ́mọ̀ kó igi yẹn síbẹ̀ ni. Abẹ́ wọn lẹja ń sùn."

"Ajá? Ajá ta ni?"

"Ẹja."

"Mo gbọ́. Ajá tó bá ń sùn lábẹ́ omi, ẹ fi í sílẹ̀ o jàre, ó ti kú."

"Ẹja, bàbá. Èyí tí ń lúwẹ̀ẹ́."

"Ajá náà ń lúwẹ̀ẹ́."

Verity sún mọ́ ọn, ó rọra ká etí fìlà rẹ̀ sókè. "Ẹja."

"Ó dáa, ẹja. Ẹ ò bá ti tètè sọ bẹ́ẹ̀." Ó fa fìlà padà. "Igi tiẹ̀ kéré. Wọ́n tún da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ odò, ẹrù ọkọ̀ mẹ́jọ, sínú omi tó mọ́ gaara bẹ́ẹ̀. Ṣọ́bìrì ni mo fi kó o."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ẹyin ló wà nínú òkúta yẹn."

"Èmi kẹ̀? Ilé ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n dà á. Ẹ bi ìyàwó mi."

"Ẹyin, bàbá. Ẹyin ẹja. Àárín òkúta ni wọ́n ń yé e sí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọlé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀. Bàbá Tizzard na ọwọ́ sí bèbè. "Ẹ ò tíì rí èyí tó dáa jù. Wọ́n ya bèbè, omi ń da wọ pápá onímàlúù. Òkúta yẹn náà ni mo fi dí i, mo wá to igi lé e. Odò yìí ò tún ní ṣìnà mọ́."

Verity jókòó sórí koríko. Ẹkún àti ẹ̀rín jọ dìde nínú rẹ̀, ẹ̀rín ló sì kọ́kọ́ dé ẹnu.

"Oṣù mẹ́rin," ó ní. "Èèyàn mẹ́sàn-án, pẹ̀lú katapílà. Ẹ̀yin nìkan, pẹ̀lú bárò."

"Mo máa ń tètè jí."

"Bàbá, onípápá ti gbà kí omi wọ ibẹ̀. Àkúrò odò ni látijọ́. Tí odò bá kún, ibẹ̀ ló ti ń na ẹsẹ̀. Tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, níbo ni kó lọ?"

"Ibi tó bá wù ú. Èmi kọ́ ni mo bí i."

"Òjò ńlá oṣù tó kọjá, ṣé omi wọ pápá?"

"Kò kán síbẹ̀."

"Níbo ló wọ̀?"

"Ilé ìdáná mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Inú omi tó mù mí dé orúnkún ni mo ti ń se tíì. Ìyàwó mi kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò tíì padà."

"Ọjọ́ wo lẹ dí ihò yìí tán?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ọjọ́ wo lomi wọlé?"

"Ọjọ́rú."

Bàbá Tizzard wo bèbè, ó wo ilé rẹ̀, ó tún wo bèbè.

"Mo pe oníṣẹ́ páìpù lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní pẹ̀lú ohùn kékeré. "Mo bú u. Mo bú bàbá rẹ̀ mọ́ ọn." Ó ṣí fìlà, ó jù ú sínú bárò. "Ọmọ mi, di orí igi yẹn mú."

Wọ́n fa igi àkọ́kọ́, wọ́n fa ìkejì. Bàbá gbá òkúta pẹ̀lú bàtà òjò. Omi kọ́kọ́ ń sín bí ẹni tí òtútù mú, lẹ́yìn náà ló ya, ó bú jáde, ó ń hó, ó ń sáré lórí koríko bí ọmọ tí wọ́n tú sílẹ̀ ní ilé ìwé. Pẹ́pẹ́yẹ méjì bà sínú rẹ̀ kó tó tàn ká tán.

"Òkúta tó kù ńkọ́, bàbá?" Verity ń pariwo kó lè borí omi.

"Kó tó di Ọjọ́bọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti padà. Bí mo ṣe kó o jáde ni màá ṣe kó o wọlé."

Verity fò sínú omi náà pẹ̀lú bàtà, ó ń ta á káàkiri, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rin ní ẹ̀gbẹ́. Bàbá Tizzard náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó jó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró lójijì.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ rẹ ti wọ omi."

"Ọkọ mi? Mi ò tíì lọ́kọ, bàbá."

"Ọkọ̀ ni mo wí. Pupa kan báyìí, tó wà láàárín pápá."

Verity yíjú. Omi ti bo táyà, ó ń kan ilẹ̀kùn.

Bàbá Tizzard ti ká ṣòkòtò sókè dé itan. "Jẹ́ ká sáré," ó ní. "Ẹni tí ò lọ́kọ, kò yẹ kó tún pàdánù ọkọ̀."