Ẹ̀san Tí Mo Kọ fún Bọ́sẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí n kò rò pé mo lè gbàgbé láyé mi, ọjọ́ tí mo so obìnrin tí mo fẹ́ràn jù mọ́ ìdí igi kaṣú lọ́sàn-án gangan, tí mo sì yọ àdá sí i.

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Fíìmù là ń ṣe.

Tíṣà ni mí ní Kàbà nígbà náà. Bọ́sẹ̀ ti fi mí sílẹ̀ lọ sí Àbújá láti ọdún tó ṣáájú. A ò jà. Ó ríṣẹ́, ó lọ, ìpè wa sì ń jìnnà síra títí a ò fi pe ara wa mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá níwájú ilé ìyá rẹ̀, ṣe ni ẹsẹ̀ mi máa ń falẹ̀ fúnra rẹ̀. Búláòsì pupa rẹ̀ kì í sí lórí okùn aṣọ mọ́, síbẹ̀ mo ṣì máa ń wo okùn náà.

Dáre, ọmọ Òkè-Bùkún kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò sí ìlú wa, ló sọ fún mi pé àwọn kan ń ṣe ìdíje fíìmù kékeré, pé eré ẹ̀san ni wọ́n ń fẹ́, irú èyí tí àyà á máa já ẹni tó ń wò ó. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ìjókòó kan ṣoṣo ni mo fi kọ ọ́ tán: àfẹ́sọ́nà ọkùnrin kan fi í sílẹ̀, ọkùnrin náà wá dè é lókùn nínú oko, ó fẹ́ pa á.

Dáre kà á tán, ó gbójú sókè.

"Kí ni obìnrin yìí ṣe gan-an?"

"Ó lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Àbújá."

"Ṣé ó gbé ọmọ ọkùnrin náà sá lọ ni?"

"Rárá o. Iṣẹ́ ló rí."

Ó wò mí títí. "Tíṣà, ẹni tó ríṣẹ́ lẹ fẹ́ ṣá ládàá? Ẹ̀yìn obìnrin yìí ni gbogbo èèyàn máa wà. Ẹ wá ẹ̀ṣẹ̀ fún un."

Mo wá ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Mo ní ó dáná sun ilé bàbá ọkùnrin náà. Dáre ní kí ló fẹ́ rí gbà níbẹ̀? Mo ní ilẹ̀ ló ń wá. Ó ní kí lará Àbújá fẹ́ fi ilẹ̀ oko ṣe? Mo bá fi májèlé kún un, mo fi ẹ̀gbọ́n kan tó kú kún un. Àmọ́ bí mo ṣe ń di ẹ̀ṣẹ̀ rù ú tó, n kò lè jẹ́ kó sọ̀rọ̀ burúkú kan. Apànìyàn paraku ni, síbẹ̀ ó ń bi ọkùnrin náà bóyá ó ti jẹun.

Nígbà tọ́jọ́ pé, obìnrin tó yẹ kó ti Mopa wá ṣe é pè pé ibà dá òun wólẹ̀. Ọkùnrin tó yẹ kó ṣe agbẹ̀san ò tiẹ̀ pè rárá. Dáre ní kémi tí mo kọ ọ́ wọ aṣọ dúdú àti ìbòjú agbẹ̀san náà, pé òun ti bá arábìnrin kan sọ̀rọ̀ láti ṣe obìnrin náà, ó wá kí ìyá rẹ̀ nílé, ara rẹ̀ sì yá mọ́ọ̀yàn.

Mo ti de ìbòjú nínú oko kaṣú, mo ti mú àdá lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kadà dúró. Bọ́sẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀.

"Okun o," ló fi kí wa, bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa.

Mo fa ìbòjú náà sísàlẹ̀ sí i. Dáre rò pé mo ti wọnú eré ni.

Bọ́sẹ̀ jókòó sórí òkúta, ó ka eré náà látòkèdélẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

"Ta ló kọ eléyìí?"

Dáre nàka sí mi. Bọ́sẹ̀ wò mí lójú nínú ihò ìbòjú náà, mo sì rí i pé ó ti mọ̀ mí.

"Ẹ wá so mí," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í so ó. Òórùn ìpara rẹ̀ ò yí padà. "Ṣé kò fún ọ jù?" ni mo bi í.

"Ẹ dúró!" Dáre pariwo. "Apànìyàn wo ló ń béèrè ìyẹn?"

A tún un ṣe. Mo gbé àdá sókè. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, "Lónìí ni wàá jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ." Ohun tó jáde ni, "Kí ló dé tí o ò pè mí mọ́?"

"Kò sí nínú ìwé!" ni Dáre wí.

"Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀," ni Bọ́sẹ̀ dáhùn. Ó lanu, ó fẹ́ fún mi lésì.

Ìgbà náà ni ìyá kan tó ń ṣa kaṣú rí wa. "Ajínigbé o! Wọ́n fẹ́ pa á o!"

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọdẹ ìlú ti yọ tìbọn-tìbọn. Dáre gbé kámẹ́rà, ó di inú igbó. Mo dojú bolẹ̀, ìbòjú yí sódì, n kò ríran mọ́. Wọ́n fẹ́ tú Bọ́sẹ̀, kókó tí mo ta kọ̀ jálẹ̀. Àdá tèmi náà ni wọ́n fi gé okùn, àdá tí kò mú rárá. Wọ́n rẹ́ ẹ títí.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ọkùnrin yìí?" ni àgbà ọdẹ bi í.

 Bí mo ṣe nà sórí ewé gbígbẹ yẹn, mo rò pé ó fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀ mí rí, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù ju ìbọn lọ.

"Mo mọ̀ ọ́n, bàbá," ló wá sọ. "Kò lè pa mí. Kò tiẹ̀ lè ṣe é nínú eré."

Wọ́n ká ìbòjú kúrò lójú mi. "Họ́wù! Ṣebí tíṣà àwọn ọmọ wa nìyí!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan nínú wọn fi jókòó sílẹ̀.

Èmi àti Bọ́sẹ̀ jọ rìn dé títì. Ó ní, "O kọ gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn fẹ́ ṣe fún mi. O ò kọ ohun tó ń fẹ́."

"Kí lo rò pé ó ń fẹ́?"

"Ìwọ lo kọ ọ́."

Ó dúró dè mí. Ọ̀kadà kan kọjá, kò dá a dúró. Òmíràn tún kọjá. Gbogbo ọkàn mi ń sọ pé, má padà lọ, jọ̀ọ́. Ẹnu mi la, mo ní, "Bá mi kí mọ́mì."

Ó mi orí, ó gun ọ̀kadà kẹta. Lọ́jọ́ kejì, ó ti padà sí Àbújá.

A ò rí fíìmù kankan fi ránṣẹ́ síbi ìdíje. Ṣùgbọ́n mo kẹ́kọ̀ọ́: bí èèyàn bá ń gbẹ̀san nínú eré, kí ẹni tó kọ ọ́ kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣì ń wu agbẹ̀san náà lára ohun tó sọ nù. Bí ìyẹn ò bá sí níbẹ̀, iná àti májèlé ò lè dí àlàfo náà. Mo ti kọ eré mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn èèyàn sì máa ń yìn mí pé àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ jáde láìfọ̀rọ̀ falẹ̀. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Wọ́n ṣoríire. Àwọn ní ẹni tó ń bá wọn kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, èmi ò ní.