Àwọn Orúkọ Inú Fóònù Mi

Ọjọ́ Ajé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó. Iṣẹ́ aṣọ fèrèsé ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi ò sì jìnnà sí Abraham Adésànyà Estate l'Ájàh. Èmi àti Àǹtí Bísí tó ń bá mi ránṣọ la jọ wà níbẹ̀. Nígbà yẹn, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń sọ pé oníṣòwò tí kò bá lo AI, ẹ̀rọ onílàákàyè yìí, ayé ti fi í sílẹ̀. Èmi tí mi ò fẹ́ kí ayé fi mí sílẹ̀, mo sanwó fún ọ̀kan tí yóò máa dá àwọn oníbàárà mi lóhùn lórí fóònù.

Bí mo ṣe ń tò ó, ó bi mí pé ṣé kí òun ka orúkọ àwọn oníbàárà mi. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí òun ka àwọn àkọsílẹ̀ mi náà? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè kan gùn, mi ò tilẹ̀ kà á tán, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó ń béèrè nǹkan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ báyẹn, ta ló fẹ́ sọ pé rárá fún un?

Ohun tí mo gbàgbé ni bí a ṣe máa ń kọ orúkọ èèyàn sínú fóònù. Tí Bàbá Túndé bá ti pé mẹ́rin, àfi kéèyàn fi àmì dá wọn mọ̀. Oníbàárà kan wà tọ́wọ́ ẹ̀ le bí ojú ẹja. "Bàbá Ahun" ni mo kọ ọ́ sí. Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé Thomas Estate, mú mi tú aṣọ fèrèsé kan ṣoṣo rán lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ni "Màmá Oníyọnu". Bẹ́ẹ̀ ni màmá yìí fẹ́ràn mi. Òun ló mú mi mọ gbogbo àdúgbò rẹ̀, ó sì fọkàn tán mi débi pé ó fi ibi tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí hàn mí, kí n lè máa wọlé ṣiṣẹ́ bí kò bá sí nílé. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé: "Ta lẹ ń pè ní ahun?" Ó yà mí lẹ́nu. Mo yíjú sí Àǹtí Bísí.

"Àǹtí, kí lẹ sọ fún bàbá yìí?"

"Bàbá wo? Èmi tí mi ò tíì yanu látàárọ̀?"

Kò pẹ́, obìnrin kan tún bi mí pé ta ni "Ìyàwó Aláriwo". Kò yé mi mọ́ rárá. Mo ní Àǹtí Bísí nìkan ló mọ àwọn orúkọ yẹn.

"Ọ̀gá, èmi kì í ṣe olófòófó o. Tẹ́ ẹ bá tún wí bẹ́ẹ̀, mò ń lọ sílé mi nìyẹn."

Ibi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ ni Màmá Thomas Estate ti pè. Wọn ò jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Mo jáde látinú ilé ìwẹ̀, ọkùnrin kan ń wọn ògiri ní pálọ̀ mi. Ó ní ìwọ lo fi kọ́kọ́rọ́ mi hàn òun."

"Èmi kẹ̀, Mà?"

Màmá gbé fóònù fún ọkùnrin náà. Kápẹ́ńtà tí mo bá wọn wá láti kan kọ́bọ́ọ̀dù ni.

"Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ fèsì. Mo ní kí ẹ fún mi ní àdírẹ́sì, ẹ ní kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó, pé tí Màmá Oníyọnu ò bá sí nílé, kí n ṣáà wọlé."

Mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn rẹ̀: "Màmá kí ni?"

Mo ṣí fóònù mi wò. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Ahun. Aṣọ yín ti ṣetán." Ẹ̀rọ náà kí gbogbo wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, orúkọ tí mo fún wọn gan-an ló fi pè wọ́n. Ojú tì mí dé eegun. Mo bẹ Àǹtí Bísí, mo pa ẹ̀rọ náà, mo mú ẹni tó ń ṣe àgádágodo dání kó lè pààrọ̀ ti Màmá, ó di Thomas Estate.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá wò mí.

"Tó o bá gba òṣìṣẹ́ tuntun, ṣé o máa kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ fún un lọ́jọ́ tó dé?"

"Rárá, Mà."

"Kí lo wá ṣe yìí?"

Màmá yọ fóònù wọn, wọ́n fi orúkọ tí wọ́n kọ mí sí hàn mí: "Aláṣọ Fèrèsé Ọ̀la-Ni-N-Ó-Wá". Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, àmọ́ Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pa á rẹ́ lójú mi, wọ́n fara balẹ̀ tẹ òmíràn.

Ẹ̀rọ náà ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́. Iye aṣọ, àwọ̀ aṣọ àti àsìkò tí a ń ṣí ṣọ́ọ̀bù nìkan ló mọ̀, Àǹtí Bísí ló sì ń ka èsì rẹ̀ kó tó jáde. Mo ti kọ́ pé ohun tí ẹnìkan bá fi sí ìkáwọ́ mi, kì í ṣe tèmi láti tẹ bẹ́ẹ̀ ni lé lórí. Màmá ṣì ń gbé iṣẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lábẹ́ ìkòkò. Àfi kí n dúró sẹ́nu géètì, kí n pè wọ́n. Wọ́n á mú fóònù jáde bó ṣe ń dún lọ́wọ́, wọ́n á kọ ojú ẹ̀ sí mi kí n kà á: "Aláṣọ Fèrèsé Olófòófó". Èmi náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà."