Ọ̀pá Àṣẹ Kábíyèsí Lọ Ṣàyẹ̀wò Ṣúgà

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìgbọ̀rọ̀, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Tọkọtaya tó ń jà, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ ó máa bá a lọ tí akéde bá kọjá. Làmídì akéde ló dé. Ẹnu rẹ̀ kọ́ o, ẹnu ààfin ni. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́!

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé àtọ̀gbẹ wọ ààfin. Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé ló sọ ọ́ lóṣù tó kọjá. Ó ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ Kábíyèsí. Ó ní kí wọ́n máa rìn láràárọ̀, kí wọ́n máa lo oògùn, kí wọ́n sì máa wá ṣàyẹ̀wò déédéé. Ẹ gbọ́ àrífín o! Kí ọba máa fẹsẹ̀ rìn! Kí ọba jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, lẹ́yìn ìyá alákàrà, kó máa retí kí wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀! Èèwọ̀! Bí wọ́n bá ń sìnkú ní ìlú kejì, ṣebí ọ̀pá àṣẹ ní í ṣojú ọba? Bí ìjọba bá pèpàdé, ṣebí ọ̀pá àṣẹ ní í jókòó lórí àga? Kí ló wá dé tí kò lè ṣàìsàn fún ọba? Bẹ́ẹ̀ ni Kábíyèsí ṣe pàṣẹ. Làmídì yóò kọ́kọ́ rán yín létí àwọn àṣẹ náà.

Àṣẹ kìíní! Láràárọ̀ ni ọ̀pá àṣẹ yóò máa rìn láti ààfin dé etí odò. Làmídì ni yóò máa gbé e. Ẹni tó bá pàdé wọn, kó dọ̀bálẹ̀, kó kí ọ̀pá kú ìrìn. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín yóò gbá àgbàlá ààfin fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún!

Àṣẹ kejì! Kí wọ́n máa lọ oògùn Kábíyèsí, kí wọ́n fi máa pa orí ọ̀pá, láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí wọ́n má fi omi púpọ̀ sí i o, kí ìlẹ̀kẹ̀ má baà bàjẹ́.

Àṣẹ kẹta! Tí oṣù bá pé, ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀pá yóò lọ ṣàyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Bí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ gbà, ẹ̀bi rẹ̀ ni, yóò san ewúrẹ́ kan.

Àṣẹ kẹrin! Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pá ti ń ṣe wàhálà yìí, Kábíyèsí lè máa mu ohun tó bá wù wọ́n. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá sí ààfin, kó gbé ẹlẹ́rìndòdò dání. Ẹni tó bá gbé omi lásán wá, kó gbé e padà sílé rẹ̀.

Oṣù kan rèé. Ọ̀pá kò sanra, kò rù. Bẹ́líìtì Làmídì ló ti wọ ihò kẹta, ìyàwó rẹ̀ sì ní ó ti padà di ọ̀dọ́mọkùnrin. Ẹ bá wa dúpẹ́. Ní ti Kábíyèsí, bàtà tuntun họ wọ́n lẹ́sẹ̀, ó di egbò. Wọ́n ní kò dun àwọn. Ta ni yóò bá ọba jiyàn?

Lónìí, Ọjọ́bọ̀, Làmídì gbé ọ̀pá dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé kò jiyàn. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ọ̀pá nígbà mẹ́ta. Ọ̀pá kò ké. Nọ́ọ̀sì bá gbé àpò rẹ̀, ó tẹ̀ lé Làmídì dé ààfin. Ó kúnlẹ̀, ó tọrọ ààyè láti wo egbò náà, ó ní kí Kábíyèsí kọjú sí fèrèsé. Ó mú abẹ́rẹ́ mìíràn, ó rọra gún wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀, nígbà mẹ́ta. Kábíyèsí náà kò ké. Wọ́n tilẹ̀ ń bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ará Ìgbọ̀rọ̀, ẹ̀rù ba Làmídì. Oṣù kan gbáko ló fi gbé ọ̀pá kiri, kò mọ̀ pé ọ̀pá méjì ló wà láàfin.

Nọ́ọ̀sì ní ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ ni egbò ń jẹ láìpariwo. Ó ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ó ní bí wọ́n bá tún rán ọ̀pá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, torí òun ni wọn yóò fi máa rìn tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ náà tán. Olorì Tinúadé, tí wọ́n jókòó ti Kábíyèsí, dìde. Wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ Làmídì, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí aṣọ, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí aṣọ wọn. Kábíyèsí pariwo títí. Nígbà tó yá, wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì nà án sí nọ́ọ̀sì.

Nítorí náà, àṣẹ karùn-ún! Àṣẹ Olorì! Ó pa mẹ́rin ìṣáájú rẹ́! Lọ́la, Kábíyèsí fúnra wọn yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn ìyá alákàrà. Wọn yóò gbé oògùn wọn mì lójú Olorì. Egbò ni yóò kọ́kọ́ jinná, ìrìn yóò sì tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá wọn rìn in. Ẹni tó bá sì gbé ẹlẹ́rìndòdò wá, Olorì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìjìyà ẹni tó bá ṣàìgbọràn ńkọ́? Olorì kò fi ìkankan sí i. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ní tirẹ̀ lọ́wọ́.

Làmídì ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ o! Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ará ilé. Kí oníkálukú wọlé lọ, kó wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀yin kò sì ní ọ̀pá tí ẹ ó rán!