Àwòrán Kejìlá Ìwé Kajú

Ésaïe, ọkọ kọ̀ǹpútà, Atojú-ìwé-bí-ẹni-tolẹ̀kẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn òǹtẹ̀wé Savalou yòókù. Látẹ́ẹ̀kì, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi ń to ìwé, ni tirẹ̀. Nínú Látẹ́ẹ̀kì, èèyàn kì í fọwọ́ gbé nǹkan kiri lójú ìwé: àṣẹ ni yóò kọ sáàárín ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ yóò sì to ìlà, yóò fún àwòrán ní nọ́ńbà, yóò tọ́ka sí i. Àṣẹ pípa dùn mọ́ Ésaïe púpọ̀.

Ipò ààrẹ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kajú Bantè ló ń wá. Ó bá to ìwé fún ẹgbẹ́, lórí àwọn kòkòrò tó ń ba kajú jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìwé náà ni wọn yóò dìbò.

Ìwé náà dára, ká má purọ́. Ìgbà tó tò ó tán ló rántí pé òun kò sí nínú rẹ̀. Ó ṣe àdàkọ àṣẹ àwòrán kòkòrò kan sí ojú ewé ìkẹyìn, ó yọ fọ́tò kòkòrò, ó fi tirẹ̀ sí i, tòun ti táì àti awò dúdú. Orúkọ tí ẹ̀rọ fi ń dá kòkòrò mọ̀ wà níbẹ̀. Kò yọ ìyẹn.

Nafissath, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ ń kìlọ̀. Ó ní àwòrán méjì ń jẹ́ orúkọ kan, èyí tó kẹ́yìn ni òun yóò máa tọ́ka sí."

"Ìkìlọ̀ kì í ṣe àṣìṣe. Ìwé jáde àbí kò jáde?"

"Ó jáde, ọ̀gá."

Ó wo ojú ewé ìkẹyìn títí. Kò wo òmíràn. Afàgò kẹ́yin àparò, ohun ojú ń wá lojú ń rí.

Lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ní Bantè, àwọn àgbẹ̀ abúlé dé: ará Bobè dé, ará Pira dé. Wọ́n pín ìwé. Ésaïe ní òun fúnra òun ni yóò kà á, nítorí ohùn òun dùn.

"Kòkòrò yìí ló ń fa oje ọ̀mùnú kajú gbẹ. Kí ẹ lè dá a mọ̀, ẹ wo Àwòrán Kejìlá."

Gbogbo wọn ṣí i. Ilé pa lọ́lọ́. Ésaïe rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ó fi kún ohùn.

"Ohun tí ẹlòmíràn gbìn ló ń jẹ. Níbi tí ẹ bá ti rí i, ẹ má jẹ́ kó sùn nínú oko."

Ìyá Salimatou, àgbà obìnrin láti Pira, nawọ́ pẹ̀lẹ́. "Ésaïe ọmọ mi, ṣé ẹyọ kan yìí náà ni, àbí ó ti yé ẹyin?"

Ìgbà náà ni Ésaïe tó ṣí ojú ewé ìkẹyìn: Àwòrán Kejìlá ni wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò tirẹ̀.

Issifou, àgbẹ̀ kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ni wọ́n dìbò fún, bẹ́ẹ̀ ni kò tọrọ rẹ̀. Ésaïe rí ibò kan. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó dì í.

Ìwé náà wúlò títí dòní. Ní Bobè, bí kòkòrò yẹn bá bà sórí kajú, wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní Àwòrán Kejìlá ti dé, ẹ gbé oògùn wá.