Àga Tí Zulkifli Torí Ẹ̀ Yapa

Zulkifli Olóyèdé gbà pé bí òun bá wúkọ́ nílùú wa, wọ́n á gbọ́ ọ ní Ìlọfà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Òpómúléró Òṣèlú.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Ní ìpàdé ààfin, alága ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan a máa jókòó sórí àga lápá ọ̀tún Kábíyèsí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì jókòó sórí ẹní lẹ́yìn rẹ̀. Ogún ọdún gbáko ni Zulkifli fi jókòó sórí ẹní.

Lọ́dún yìí, ó kó ènìyàn méje jáde, ó dá Ẹgbẹ́ Ìràwọ̀ Òdodo sílẹ̀. Káfíńtà kan àga ńlá alápá fún un, ó fi aṣọ pupa bò ó.

“Kí lẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe fún ìlú?” Yàhàyá onísìmẹ́ńtì bi í.

“Ẹni tí alága rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó yapa,” ni Zulkifli fèsì. “Ẹ̀tọ́ wa ni.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bilikis ìyàwó rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wọ́n létí jù. Bí Zulkifli ṣe yan ara rẹ̀ ní alága ni Yàhàyá yapa pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, àwọn márààrún yapa kúrò lẹ́yìn Yàhàyá, oníkálukú di alága. Ó wá ku Bilikis nìkan lẹ́yìn Zulkifli.

“Èmi náà ti ní ẹgbẹ́ tèmi, bàbá Hikmah. Ẹ̀rọ gààrí wa ti bàjẹ́ látoṣù kẹta, kò sí alága tó bi wá.”

Zulkifli rẹ́rìn-ín. “Ẹgbẹ́ onígààrí.”

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó gbé àga rẹ̀ dé ààfin, ó tẹ́ ẹní sẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó.

“Zulkifli,” Kábíyèsí pè é, “àwọn èèyàn rẹ dà?”

“Wọ́n wà lẹ́yìn mi, Kábíyèsí.”

Gbogbo ààfin wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ewúrẹ́ kan ló dùbúlẹ̀ sórí ẹní.

“Ewúrẹ́ tèmi nìyẹn,” ni Kábíyèsí wí. “Kò tíì yapa.”

Ẹ̀rín ò tíì tán tí Bilikis fi wọlé pẹ̀lú ọgbọ̀n obìnrin, oníkálukú ká ẹní mọ́ abíyá.

“Zulkifli, dìde,” ni Kábíyèsí wí. “Alága dé.”

Bilikis jókòó sórí aṣọ pupa. Àwọn obìnrin tẹ́ ẹní wọn, wọ́n kún ilẹ̀. Zulkifli dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, kó tó bẹ̀rẹ̀ sétí ìyàwó rẹ̀.

“Ìyá Hikmah, ní kí wọ́n sún fún mi.”

Bilikis ṣí ìwé rẹ̀.

“Ẹ kọ orúkọ yín síbí, bàbá Hikmah. Ẹ fi kún un pé ẹ ò ní yapa.”