Àlímì, Má Fọwọ́ Kan Ẹrù Àgbà

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà ní Roodepoort, ní Johannesburg, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gba iṣẹ́ níbẹ̀ gba yàrá mọ́ ọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mátírọ́nù Yíwọlá, ọmọ Iléṣà, ni olórí ibẹ̀. Àlímì, ọmọ Ìwó, ni olùrànlọ́wọ́ tuntun tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Mátírọ́nù ní kí Àlímì mú kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ dání wá sí ọ́fíìsì. Ẹni tí ọ̀gá bá ránṣẹ́ pè tòun ti kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ fún un.

Bí Àlímì ṣe wọlé, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Mátírọ́nù: Dìde! Dìde kíá, kí ẹnikẹ́ni tó rí ẹ!

Àlímì: Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ jíire? Ṣé ara le?

Mátírọ́nù: Mo ní kó o dìde! Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, ìdọ̀bálẹ̀ rẹ ti pe ambúláǹsì lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn arúgbó yìí ò mọ̀ pé ò ń kí àwọn ni. Wọ́n rí géńdé ọkùnrin tó ṣubú gbì sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹ bọ́tìnnì pupa.

Àlímì: Mo fẹ́ ṣàlàyé fún àwọn oníṣẹ́ ambúláǹsì náà, mà.

Mátírọ́nù: Kí lo wí fún wọn?

Àlímì: Ọ̀kan nínú wọn ti hu ewú, mà. Mo ní kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí i. Kí n tó dìde, wọ́n ti gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà.

Mátírọ́nù bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún fi í sójú. Ó ṣí fáìlì Àlímì.

Mátírọ́nù: Jókòó.

Àlímì: Kí n dúró náà, mà.

Mátírọ́nù: Jókòó!

Ó jókòó sí etí àga, ìdí rẹ̀ ò gba àyè ju ìka méjì lọ.

Mátírọ́nù: Nígbà tó o wá bẹ̀ mí fún iṣẹ́ yìí, kí lo sọ fún mi?

Àlímì: Mo ní àwa mẹ́fà là ń gbé yàrá kan ní Marshalltown, mà. Bẹ́ẹ̀dì méjì péré. Àsùngbà ni, bí ẹnì kan bá jí, òmíì á sùn. Bí Láolú, ọ̀kan nínú wa, bá ti tibi iṣẹ́ dé, á fẹsẹ̀ tì mí, á ní, “Ó tó, dìde.” Bẹ́ẹ̀dì yẹn ò tutù rí láyé ẹ̀! Ìdajì owó iṣẹ́ mi ni onílé sì ń gbà lórí ẹ̀.

Mátírọ́nù: Níbí ńkọ́?

Àlímì: Níbí? Mo ní ilẹ̀kùn, mà! Èmi nìkan ni mò ń tì í. Nígbà míì, màá kàn tì í, màá tún ṣí i, kí n ṣáà gbọ́ ohùn ẹ̀. Owó ilé tí n ò san mọ́ yẹn ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún Rodiat, ìyàwó mi. Ọdún mẹ́ta gbáko, a ò fojú kanra. Ẹ̀yin náà lẹ gbà pé kó wá bá mi gbé. Disẹ́ńbà ló ń bọ̀, mà.

Mátírọ́nù: Ṣé o mọ̀ pé ilé tó bá bá iṣẹ́ wá, ó ń bá iṣẹ́ lọ ni? Bí mo bá lé ẹ lónìí, o ò ní yàrá mọ́ nìyẹn.

Àlímì: Háà! Mà, kí ni mo ṣe? Ṣé mo jalè ni? Ṣé mo rí àgbà fín ni?

Mátírọ́nù: Ì bá dáa bó o bá rí wọn fín! Àlímì, ẹ̀kọ́ ilé rẹ ló pọ̀ jù.

Àlímì bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ló wọlé.

Mátírọ́nù: Ọjọ́ Ajé. Gógó Nomsa, ìyá àgbà ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Dókítà ní kí wọ́n máa fi ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wọn rìn láti yàrá dé ibi ìjẹun. Kí lo ṣe?

Àlímì: Mo bá wọn gbé e, mà.

Mátírọ́nù: O bá wọn gbé kí ni?

Àlímì: Ọ̀pá náà. Mo rí i tí wọ́n ń tì í, tí wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ẹni tó tó ìyá ìyá mi! Mo ní, “Màmá, ẹ gbé e wá.” Mo gbà á, mo gbé e dé ibi ìjẹun.

Mátírọ́nù: Ọ̀pá dé ibi ìjẹun. Gógó ńkọ́?

Àlímì: Wọ́n... wọ́n ṣì ń bọ̀, mà.

Mátírọ́nù: Ògiri ni wọ́n dì mú! Odidi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!

Àlímì: Mo padà lọ gbé àwọn náà, mà.

Mátírọ́nù: Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá! Láti ọjọ́ náà, Gógó ò fẹsẹ̀ kanlẹ̀ mọ́. Lánàá, wọ́n ní kí n bá àwọn pe takisí àwọn wá. Mo ní, “Gógó, takisí wo?” Wọ́n ní, “Àlímì.”

Àlímì: Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí wọn, mà.

Mátírọ́nù: Má ṣàdúrà ní ọ́fíìsì mi! Ọjọ́rú. Bàbá Micah. Dókítà ní kí wọ́n máa gbá ẹnu ọ̀nà wọn láràárọ̀, kí apá wọn má baà gan.

Àlímì: Mo gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn, mà. Kí àgbà máa gbálẹ̀, kí èmi dúró kí n máa wò ó? Kí lẹ fẹ́ kí ará Ìwó wí?

Mátírọ́nù: Ará Ìwó wo ló wà ní Roodepoort?

Àlímì: Èmi, mà.

Mátírọ́nù: Bàbá Micah kì í gbé ife mọ́ báyìí. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, ẹnu ni wọ́n ń là sílẹ̀, wọ́n ń dúró dè ẹ́! Gbọ́ mi dáadáa. Ẹsẹ̀ tí kò bá rìn, ó ń kú lọ ni. Níbí yìí, ìrànlọ́wọ́ tá a ń ṣe fún àgbà ni ká jẹ́ kó ṣe é fúnra ẹ̀. Ṣé ó yé ẹ?

Àlímì: Èmi, ó yé mi, mà. Ọwọ́ mi ni kò yé.

Mátírọ́nù mí kanlẹ̀. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò aṣọ rẹ̀, ó dìde.

Mátírọ́nù: Tóò, ọwọ́ rẹ ni màá bá sọ̀rọ̀. Àpò ọsàn kan wà ní búùtù mọ́tò mi. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé méjì ni mí. Màá gbé e gba àtẹ̀gùn méjìlá dé kíṣìnnì. Bó o bá fọwọ́ kàn án, Marshalltown. Bí o ò bá fọwọ́ kàn án, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ.

Àlímì: Mà, ẹ fìyà míì jẹ mí. Ẹ ní kí n fọ gbogbo ṣaláńgá ọgbà yìí!

Mátírọ́nù: Àpò ọsàn.

Àlímì: Shap, mà.

Mátírọ́nù: Ta lò ń wí “shap” àwọn ọmọ ìta fún?

Àlímì: Ẹ ní kí n dín ẹ̀kọ́ mi kù, mà.

Wọ́n jáde. Mátírọ́nù gbé àpò náà, ó dojú kọ àtẹ̀gùn. Àlímì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá, ó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àlímì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà! Ẹ kú iṣẹ́! Ẹ kú ìnira o!

Mátírọ́nù: Ṣé ẹnu rẹ ló máa bá mi gbé e?

Àlímì: Ẹnu nìkan lẹ fi sílẹ̀ fún mi, mà.

Ní àtẹ̀gùn kẹta, Mátírọ́nù figbe ta.

Mátírọ́nù: Yéè! Ìbàdí mi o! Àlímì, gbà mí!

Àlímì fò síwájú, ó tún fò sẹ́yìn. Ó fi ojú mọ́ ògiri, omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

Àlímì: Rodiat, foríjì mí. Ìyá mi, ẹ foríjì mí. Mà, ìbàdí yín á san o!

Mátírọ́nù bú sẹ́rìn-ín.

Mátírọ́nù: Irọ́ ni mò ń pa. O gbìyànjú.

Ní ìkarùn-ún, ọsàn kan já bọ́ nínú àpò, ó yí gbirigbiri, ó dúró síwájú bàtà Àlímì. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni rí ejò.

Àlímì: Mà, ọmọ yín kan ti dọ́dọ̀ mi o. Ẹ bọ̀ wá mú un.

Ìgbà tó di ìkẹjọ, Mátírọ́nù dúró. Ó gbé àpò kalẹ̀, ó di irin àtẹ̀gùn mú. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

Mátírọ́nù: Àlímì. Wá gbé e.

Àlímì: Háà, mà. Ẹ ò lè rí mi mú.

Mátírọ́nù: Kì í ṣe eré mọ́! Ìbàdí mi ti há!

Àlímì: Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí ní ìkẹta.

Mátírọ́nù: Mo fi Ọlọ́run búra!

Àlímì: Ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run dán mi wò, mà. Dókítà ní ó ń ṣe egungun lóore. Ó ku mẹ́rin péré. Ẹ rọra máa gbé e.

Ìbínú ló gbé àpò náà, kì í ṣe ìbàdí. Mátírọ́nù fà á yọ, ó gun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jù ú sórí tábìlì kíṣìnnì. Ó yíjú padà, ó nàró ṣánṣán bí ọmọ ogún ọdún.

Mátírọ́nù: Ọmọ Yorùbá! Kí àgbà máa gbẹ́rù lójú ẹ, kó o káwọ́ gbera, kó o máa ka àtẹ̀gùn fún mi! Ta ló bí ẹ? Ta ló tọ́ ẹ? Gbà! Gba kọ́kọ́rọ́ rẹ, kúrò níwájú mi! Àbíìkọ́!

Ó ju kọ́kọ́rọ́. Àlímì fi ọwọ́ méjèèjì hán an. Inú rẹ̀ dùn dépò pé ó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó rántí bọ́tìnnì pupa, ó yáa dúró ṣánṣán.

Àlímì: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ jọ̀ọ́, “àbíìkọ́” tẹ́ ẹ wí yẹn, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú fáìlì mi fún ẹ̀rí, kí inú yín tó rọ̀.